Ta lẹ bá jókòó nínú ọkọ̀ tí ẹ̀sìn rẹ̀ kì í ṣe tiyín? Kí lẹ jọ sọ?

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà · Sátidé, 9:48 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ kí n tó sùn. Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà ààwẹ̀.

Ẹ rántí pé lọ́dún 2025, ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí àti Lẹ́ńtì àwa Àgùdà bọ́ sínú ara wọn. Tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta, Ọjọ́rú Eérú tiwa sì bọ́ sí ọjọ́ 5. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo wọ rélùwéè láti Mọ́níyà, mò ń lọ sí Èkó. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo jókòó sí. Bàbá kan wá jókòó tì mí: jálámíà funfun, fìlà pẹlẹbẹ, irùngbọ̀n tó ti ń funfun. Mo kí i, ó kí mi, ó tán.

A ò tí ì dé Ọmí-Àdió tí mo fi yọ rósárì mi. Jẹ́jẹ́ ni mo máa ń gbà á, ẹnu nìkan ló ń mì. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, bàbá náà ti yọ tẹ̀súbáà tirẹ̀, ẹnu òun náà ń mì. A wo ara wa. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa wá.

Ó ní, "Ìyá, ilẹ̀kẹ̀ mélòó ló wà lára tiyín?" Mo ní mi ò kà á rí. Ó lé lógójì ọdún tí mo ti ń gba rósárì, mi ò ka ilẹ̀kẹ̀ rẹ̀ rí! Ó ní kí a kà á. Àgbàlagbà méjì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ilẹ̀kẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé. 59 ni tèmi. 99 ni tirẹ̀, ó ní àwọn mìíràn ń lo oní-33, wọn á yí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bi mí pé kí ni mo ń sọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní "Mo kí ọ Màríà" ni lórí 53, mẹ́fà tó kù jẹ́ ti "Baba wa". Ó mi orí. Ó ní àwọn náà ní Súrà kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Súrà kọkàndínlógún, Mọríámọ̀. Ẹ wò ó, mo ní àbúrò ìyá tó ń jẹ́ Mọríámọ̀ láti kékeré, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé Màríà yìí náà ni.

Ó bi mí bóyá mò ń mu omi nínú ààwẹ̀ tiwa. Mo ní mò ń mu ún. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín músẹ́ kan tí mi ò tí ì gbàgbé.

Kò wàásù fún mi, èmi náà ò wàásù fún un. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn, ìyàwó àbúrò mi, tó ń lọ sí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, ní mo jẹ̀bi. Ó ní kí ló dé tí mi ò fún un ní ìwé pélébé. Ó ní Ọlọ́run gbé ọkàn kan kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti Ìbàdàn, ilẹ̀kẹ̀ ni mo jókòó tí mò ń kà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti bá pàdé bẹ́ẹ̀? Ṣé mo jẹ̀bi lóòótọ́?

Dẹ́rẹ́bà Ọjọ́ta · 10:05 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ọ̀dọ̀ àwa tí a ń wa Síẹ̀nà ló yẹ kí ẹ wá. Ọjọ́ta sí Ìwó Road ni èmi ń ná, ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Òfin kan ló wà nínú ọkọ̀ mi. Kí a tó ṣí ní gáréèjì, ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà ìrìnàjò kó gbà á, ṣùgbọ́n kó gba kúkúrú. Tí ẹnì kan bá gbà á lórúkọ Jésù, ẹ óò gbọ́ "Àmín". Ẹlòmíì á fi tiẹ̀ lé e, ẹ óò gbọ́ "Áámíìn". Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á dáhùn "Àṣẹ" láti ìjókòó ẹ̀yìn. Ọkọ̀ á wá pa lọ́lọ́, kálukú á máa yọjú wo ẹni náà. Èmi á ṣáná sí ọkọ̀.

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ wàásù, mo máa ń ní kó san owó ìjókòó méjì, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún ìwàásù.

Àmọ́ ọjọ́ tí ẹ̀sìn ń parí nínú ọkọ̀ ni Fráídè àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí àwọn Rìdíìmù bá ń ṣe ìsìn alẹ́ wọn ní Káǹpù. Tí a bá ti há síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, ẹni tó bá ní píọ̀ wọ́tà nínú báàgì ni wòlíì wa. Mo ti rí Ààfáà tó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ-ọwọ́ ìyàwó pásítọ̀ kan níbẹ̀. Ọmọ náà sùn lọ sáyà rẹ̀. Ìgbà tí a kọjá Ṣàgámù ló tó dá a padà fún ìyá rẹ̀.

Pásítọ̀ Kékeré · 10:31 alẹ́

Ẹ má bínú o, mo máa yapa díẹ̀. Ìyàwó àbúrò yín ò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Mátíù 28 ẹsẹ 19 kò ní "àyàfi tí ẹ bá wà nínú rélùwéè". Tí mo bá mọ̀ pé afárá ti já níwájú, tí mo wá ń bi ẹni tó jókòó tì mí ní iye ilẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ṣé mo fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn?

Ẹ má sì rò pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Láyé mólúè, láti Òṣòdì dé Ọbaléndé ni mo fi ń dúró wàásù láràárọ̀. Màá máa làágùn, màá máa pariwo. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì sáàárín ẹsẹ̀ fà mí láṣọ, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun láàárọ̀ yìí?" Mi ò tí ì jẹun lóòótọ́. Ó fún mi ní àkàrà mẹ́ta. Mo lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ku ìdajì ẹyọ kan kí n tó rántí bi í pé ìjọ wo ló ń lọ. Ó ní òun ni Ìyá Àdínì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn.

Mi ò wàásù mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ní purọ́ fún yín, àkàrà wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Dẹ́rẹ́bà Ọjọ́ta · 10:33 alẹ́

Pásítọ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀, àkàrà Alhájà dúró nínú ikùn 😂

Rùkáyátù Lọ́ńdọ̀nù · 11:02 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ balẹ̀ sí Heathrow, bàbá tó fi táásì gbé mi wé láwàní, irùngbọ̀n rẹ̀ kún bo àyà. Inú mi dùn! Mo ní Ọlọ́run ti fi Ààfáà pàdé mi nílẹ̀ àjèjì. Mo fi ọ̀yàyà kí i: "Àsàlámù aleékù, bàbá." Ó wò mí nínú dígí, ó rẹ́rìn-ín, ó dá mi lóhùn dáadáa, ó wá ní òun kì í ṣe Mùsùlùmí. Sikh ni òun.

Mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀sìn yẹn rí láyé mi. Láwàní tí mo mọ̀ ní Ìsẹ́yìn, ti Ààfáà ni. Bí ó ṣe ń wakọ̀ ló ń ṣàlàyé fún mi. Punjab ni ẹ̀sìn wọn ti bẹ̀rẹ̀, Guru Nanak ló dá a sílẹ̀, ọdún 1469 ni wọ́n bí i. Wọn kì í gé irun, irun yẹn ni wọ́n ń fi láwàní dì. Singh tí mo rí lára káàdì táásì rẹ̀, ó ní kìnnìún ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi, ó fi ẹ̀gbà irin kan hàn mí, ó ní kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ òun. Ó wá ní tí ebi bá pa mí lọ́jọ́ kan, kí n lọ sí ilé ìjọsìn wọn ní Southall. Kí n bọ́ bàtà, kí n borí, kí n jókòó sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní bi mí ní ẹ̀sìn mi, wọ́n á gbé oúnjẹ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo pè é ní àsọdùn. Nígbà tó di oṣù kejì, tí owó tí mo mú wá láti ilé tán tí ti oṣù ò tí ì wọlé, mo lọ. Ohun kan bí ẹ̀wà wẹ́wẹ́ ni wọ́n sè, pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ. Kò sí ẹran níbẹ̀ rárá, nítorí náà mi ò ní láti máa wádìí bóyá hàláàlì ni. Mo jẹ àwo méjì. Títí dòní, tí mo bá rí ẹni tó wé láwàní níbí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó mọ bí màá ṣe kí i.

Ọmọ Awo Iléṣà · 11:10 alẹ́

Ẹ̀gbà irin kẹ̀? Irin tí kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́? Tí ẹ bá tún rí bàbá yẹn, ẹ ní ọmọ Ògún kan ń kí i.

Rùkáyátù Lọ́ńdọ̀nù · 11:11 alẹ́

Mo ti mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀!

Aṣọ Funfun Àjàṣẹ́ · Sọ́ńdè, 5:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ ni mí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé, níbi tí Wòlíì Ọ̀ṣọ́fà ti dá ìjọ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947. Ẹ mọ̀ pé tí a bá ti wọ sùtánà, a kì í wọ bàtà.

Kérésì kan, mò ń lọ sí Ìmẹ̀kọ, níbi tí wọ́n sin wòlíì sí. Láti ilé ni mo ti wọ sùtánà. (Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò kó o sínú báàgì. Ìyàwó mi ti bi mí.) Nígbà tí a kọjá Kétu, tí a ò tí ì dé Ìlárá, ọkọ̀ bàjẹ́. Gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn ti mú ọ̀dà gbóná, èmi ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lójú títì bí ẹni tó ń jó bàtá.

Alhájì kan tí a jọ wà nínú ọkọ̀ ń wò mí. Ó ní, "Wòlíì, bàtà yín dà?" Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Mósè fún un, níbi igbó tó ń jó tí kò run, tí Ọlọ́run ní kó bọ́ bàtà. Ó ní ó wà nínú tàwọn náà, Ànábì Músá, Súrà Tọ́ọ̀-Háà, ìyẹn Súrà ogún, ẹsẹ 12. Ó kà á ní Lárúbáwá fún mi níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àmọ́ ilẹ̀ mímọ́ ni Músá dúró sí. Ọ̀dà lèyí."

Ó tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sí etí títì, ó ní kí n dúró lé e. Mo kọ̀. Ẹní tó fi ń kí Ọlọ́run! Ó ní nínú gbogbo èrò inú ọkọ̀ yìí, èmi nìkan ni mi ò wọ bàtà, ẹsẹ̀ ta ló wá yẹ ẹní náà jù? Mo dúró lé e títí mẹkáníìkì fi dé.

Àgbà Ìjẹ̀bú · 8:15 àárọ̀

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ó dùn ún kà. Ẹ jẹ́ kí n fi ata díẹ̀ sí i.

Ohun tó jẹ́ kí ìtàn yín dùn ni pé ọkọ̀ ní ibi tí a ti ń sọ̀. Kò sẹ́ni tó ń pín ogún nínú Síẹ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń fa ọmọ fọ́kọ nínú rélùwéè. Ẹ mú Alhájì ẹlẹ́ní yẹn wá sílé kó di àna yín, tàbí kí ẹ lọ bá a pé ẹ fẹ́ gba yàrá nílé rẹ̀, kí ẹ fẹ́ máa lu ìlù ìsọjí lóru. Ìgbà yẹn ni ká wá sọ̀rọ̀.

Mùsùlùmí ni bàbá wa. Ọmọ márùn-ún ni wá, mẹ́ta ti di Onígbàgbọ́, mo wà nínú àwọn mẹ́ta. Nígbà tí bàbá kú, ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní kí a sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe là á sílẹ̀. Àwa mẹ́ta ní kí a gbé e lọ sí mọ́ṣúárì títí àbíkẹ́yìn wa á fi dé láti Kánádà. Ariwo tí a pa lórí òkú bàbá wa lọ́jọ́ yẹn, ojú ṣì ń tì mí. Àwọn ará àdúgbò ló bá wa gbẹ́ ilẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sin ín. Àbíkẹ́yìn ò bá a. Ọdún kọkànlá rèé tí òun àti ẹ̀gbọ́n wa ti ń yan ara wọn lódì. Ọmọ ìyá kan náà o. Tí wọ́n bá pàdé nínú ọkọ̀ láìmọ ara wọn, wọ́n á jọ ka ilẹ̀kẹ̀.

Aṣọ Funfun Àjàṣẹ́ · 8:22 àárọ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ bàbá, ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Awo Iléṣà · 9:50 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú sọ òótọ́, ṣùgbọ́n fún àwa oníṣẹ̀ṣe, inú ọkọ̀ gan-an ò tutù tó bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo máa ń wà ní ìjókòó ẹ̀yìn tí Dẹ́rẹ́bà ń wí.

Ìdè Ifá wà lọ́wọ́ mi, mi ò kì í bọ́ ọ. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Òṣogbo lọ́jọ́ kan, ìyá kan jókòó tì mí, a ti jọ ń sọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta iṣu, ó tiẹ̀ ti ń pè mí lọ́kọ mi. Bó ṣe rí ìdè lọ́wọ́ mi báyìí, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ó ní kí wọ́n bá òun pààrọ̀ ìjókòó. Ọ̀dọ́kùnrin tó bá a pààrọ̀, Mùsùlùmí ni, òun náà fi báàgì sáàárín wa. Ẹ máa ń sọ ọ́ kiri pé ayé la bá Ifá, ayé la bá Ìmàle, ọ̀sán gangan ni Ìgbàgbọ́ wọlé dé. Ẹni tí ẹ bá láyé gan-an ni ẹ ò fẹ́ bá jókòó.

Ẹni tó bá mi jókòó dáadáa jù láyé mi, kò gbọ́ Yorùbá. Oṣù kẹjọ ni, àsìkò ọdún Ọ̀ṣun, nínú bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn. Obìnrin láti Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíl, aṣọ funfun, ilẹ̀kẹ̀ Ọ̀ṣun lọ́rùn. Ó rí ìdè lọ́wọ́ mi, ó fi orí kan ọwọ́ mi, ó ń sunkún. Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ ò ju tèmi lọ, orin la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ "omi" nínú orin rẹ̀, mo ń gbọ́ "ìyá", ìyókù ti yí padà lẹ́nu wọn. Ó bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Iléṣà, mo ní Ìjẹ̀ṣà ni mí. Ó pariwo! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lu ẹ̀yìn ìjókòó iwájú. "Ijexá! Ijexá!" Orúkọ ìlù kan tí wọ́n ń lù fún Ọ̀ṣun lọ́dọ̀ wọn ni. Ó ti ń jó ìlù náà láti kékeré, kò mọ̀ pé èèyàn ṣì ń jẹ́ ẹ. Mo fi ọwọ́ lu àyà, mo ní, "Èmi." Ó wò mí bí ẹni tó rí egúngún tó ṣí aṣọ lójú.

Ẹ má sì rò pé ohun gbogbo wa bára mu. Ó bi mí pé kí ló dé tí òrìṣà kálukú fi wà nílé tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Lọ́dọ̀ tiwọn, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ti ń bọ gbogbo wọn. A ṣe àríyànjiyàn yẹn, pẹ̀lú ọwọ́ àti ojú, títí a fi wọ Òṣogbo. Ìyá aláṣọ kan tó jókòó níwájú ni kò jẹ́ ká gbádùn: "Òyìnbó adúláwọ̀ yìí, kí ló ní òun fẹ́ rà?"

Pásítọ̀ Kékeré · 10:20 àárọ̀

Ọmọ Awo, mo kẹ́dùn ohun tí ìyá yẹn ṣe sí yín. Kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbà pé ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù nípa...

Ọmọ Awo Iléṣà · 10:24 àárọ̀

Nípa kí ni? Ẹ parí rẹ̀.

Alábòójútó · 11:05 àárọ̀

Mo ti yọ ìdáhùn mẹ́rin kúrò lẹ́yìn èyí. Ẹ jiyàn bó bá ṣe wù yín, ẹ má bú òrìṣà ẹnikẹ́ni, ẹ má bú Jésù, ẹ má bú Ànábì. Pásítọ̀, ṣé kì í ṣe àsìkò ìsìn nìyí?

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà · 2:37 ọ̀sán

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Máàsì ni. Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú, ibi tí mò ń sá fún lẹ wá bá mi yìí. Mi ò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín lálẹ́ àná.

Kì í ṣe ọjà ni mo lọ rà ní Èkó. Táyé mi ló ní òun ti rí ọkọ, Mùsùlùmí sì ni. Ìyá ọmọkùnrin náà ló ní kí n wá, kí àwa ìyá méjèèjì rí ara wa kí àwọn ọkùnrin tó gbọ́. Mi ò sọ fún Fáda. Mi ò sọ fún àbúrò mi, áḿbọ̀sì ìyàwó rẹ̀. Bàbá tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ yìí lẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún. A ti ka ilẹ̀kẹ̀ tán nígbà yẹn, ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ibùdó Abẹ́òkúta tí wọ́n fi Wọlé Ṣóyínká sọ. Mi ò mọ ohun tó mú mi lanu sọ ọ́.

Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn pé àwọn ló jèrè. Kò dùn. Ó ní lóòótọ́, Súrà karùn-ún gba ọkùnrin àwọn láyè kó fẹ́ obìnrin Onígbàgbọ́, kó sì fi í sílẹ̀ sínú ẹ̀sìn rẹ̀. "Àmọ́, Ìyá, tinú ìwé ọ̀tọ̀, tinú yàrá ọ̀tọ̀." Ó ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Síẹ́mẹ́ẹ̀sì ni ìyá tó bí òun kó tó wọlé ọkọ. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, ó ń kírun, ó ń gbààwẹ̀, kò ráhùn rí. Ṣùgbọ́n tó bá ń lọ ata láàárọ̀ lẹ́yìnkùlé, tó rò pé kò sẹ́ni nítòsí, orin ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń fi ìmú kùn. Ó ní bàbá òun mọ̀. Bàbá á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, á jókòó, kò ní jẹ́ kí ọmọ kankan kọjá títí ata á fi kúnná.

Mo bi í pé, "Àwọn ọmọ ńkọ́? Ta ló máa ni wọ́n?"

Láti Pàpáláńtò dé Kájọlà, kò fèsì. Tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò kà á. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Mi ò ní tàn yín. Àwọn ará ọkọ á fẹ́ kí wọ́n jẹ́ tiwọn. Ẹ bi ìyá ọkọ lónìí, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ ìkómọ."

Ó sọ̀ ní Àgége. Ó fún mi ní dàbínù mẹ́ta nínú bébà, ó ní kí n fi ṣínu.

Mo bi ìyá ọkọ lọ́jọ́ náà. Ó kù díẹ̀ kí ìjà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n mo bi í. Ọ̀rọ̀ náà ò tí ì parí títí di àsìkò yìí. Wọ́n ní ilé-kéwú, èmi ní Máàsì. Fáda ní ọwọ́ òun ò tó o, Bíṣọ́ọ̀bù ló gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda, láìsí ìyẹn ìjọ ò ní ka ìgbéyàwó náà kún. Táyé sì gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé òun á sa gbogbo ipá òun kí ọmọ lè ṣe ìrìbọmi. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ìlérí náà, ó ní òun ò lòdì sí i, àmọ́ òun ò tíì lè sọ ọ́ létí bàbá òun. Ìwé ti lọ sọ́dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù. A ń retí.

Nígbà tí ìyàwó àbúrò mi ń bá mi wí nípa ìwé pélébé, mi ò lè sọ fún un pé kì í ṣe ilẹ̀kẹ̀ nìkan la kà.

Rùkáyátù Lọ́ńdọ̀nù · 2:50 ọ̀sán

Omi bọ́ lójú mi níbi ọlọ ata. Ṣé ẹ ò gba nọ́ńbà bàbá yẹn?

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà · 2:58 ọ̀sán

Mi ò gbà á. Kóró dàbínù méjì ló wà nínú àpò rósárì mi. Ẹ̀kẹta ti sọnù.

Àgbà Ìjẹ̀bú · 3:30 ọ̀sán

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, mi ò mọ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un: ẹ má jẹ́ kó mọ lórí ìkómọ. Ẹ bèèrè ti ìsìnkú náà. Ó wúwo lẹ́nu níwájú ọmọ tó ń múra ìgbéyàwó, mo mọ̀. Kí àwọn méjèèjì kọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí wọ́n sin àwọn sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹbí méjèèjì.

Pásítọ̀ Kékeré · 4:12 ọ̀sán

Mi ò fara mọ́ ìgbéyàwó yìí, mi ò sì ní díbọ́n. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti dá ọjọ́, ẹ sọ fún mi. Kéèsì mínírà méjì wà lọ́rùn mi.

Ọmọ Awo, mo ti tẹ yín láago lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbé e.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà · 6:45 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé gan-an, Pásítọ̀. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ti di Sátidé tó máa parí oṣù yìí. Èèyàn mẹ́rìnlá ló ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará ọkọ, Ìkẹjà ni wọ́n ti máa gbéra. Dẹ́rẹ́bà, èló lẹ máa gbà kó wọn wá sí Mọ́níyà?

Dẹ́rẹ́bà Ọjọ́ta · 7:01 alẹ́

Síẹ̀nà méjì nìyẹn. Màá bá ẹnì kejì mi sọ̀rọ̀, owó epo nìkan la máa gbà. Ẹ ṣáà sọ òfin mi fún wọn kí wọ́n tó wọlé: àdúrà ìrìnàjò, kúkúrú.

Ọmọ Awo Iléṣà · 7:20 alẹ́

Tí wọ́n bá gbà á tán, ẹ bá mi fi "Àṣẹ" kan lé e.

Dẹ́rẹ́bà Ọjọ́ta · 7:22 alẹ́

Màá fi lé e. Láti ìjókòó iwájú.